Sikọ́láṣíìpù àti kírẹ́díìtì owó orí ní Amẹ́ríkà: àlàyé fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe másítáàsì àti PhD

Oṣù kìíní ọdún ni fọ́ọ̀mù 1098-T, èyí tí iléèwé fi ń sọ iye owó iléèwé tí wọ́n gbà àti sikọ́láṣíìpù tó wọlé fún akẹ́kọ̀ọ́, máa ń dé. Iléèwé á gbé e sórí pọ́tà, wọ́n á fi íméèlì ránṣẹ́ pé ó ti wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ fáwọn ọmọ wa tó ń ṣe másítáàsì tàbí PhD ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á wo Box 1, wọ́n á rí owó tí iléèwé gbà lórúkọ wọn, wọ́n á wo Box 5, wọ́n á rí sikọ́láṣíìpù, nígbà míì Box 5 á ju Box 1 lọ, àyà wọn á já pé àwọn ti jẹ gbèsè ìjọba. Ẹlòmíì ẹ̀wẹ̀, Box 1 nìkan ló máa wò, á kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, á gba kírẹ́díìtì tí kò tọ́ sí i, tó bá yá lẹ́tà IRS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gba owó orí ní Amẹ́ríkà, á kàn án lára. Àwọn tó máa ń dùn mí jù ni àwọn tí owó náà tọ́ sí gan-an tí wọn ò sì béèrè, torí ẹnìkan ti sọ fún wọn lórí WhatsApp pé tó o bá ti gba sikọ́láṣíìpù, ọ̀rọ̀ kírẹ́díìtì ti parí nìyẹn. Kò parí o. Ó ní bó ṣe rí, ó sì ṣeé yé èèyàn tá a bá fara balẹ̀.

Kírẹ́díìtì tí mò ń sọ yìí, owó orí gan-an ló ń dín kù. Ká ní wọ́n ṣírò owó orí yín fún ọdún kan tán, ó jẹ́ $2,500, ẹ sì ní kírẹ́díìtì $1,200, $1,300 ló kù tẹ́ ẹ máa san. Tí wọ́n bá sì ti ń yọ owó orí lára owó oṣù yín látìbẹ̀rẹ̀ ọdún, tí èyí tí wọ́n yọ ti ju $1,300 lọ, wọ́n á dá ìyókù padà fún yín. Ìdí nìyẹn tó fi ṣe pàtàkì, kì í ṣe owó kékeré fún ẹni tó ń fi owó akẹ́kọ̀ọ́ san owó ilé.

Ká tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ físà, torí òun ló ń kó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà sí yọ́ọ́yọ́ jù. Tẹ́ ẹ bá wà lórí F-1 tàbí J-1 akẹ́kọ̀ọ́, ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ lò ní Amẹ́ríkà, ojú nonresident alien, ìyẹn àlejò tí wọn ò tíì kà sí olùgbé (resident) nípa owó orí, ni IRS fi ń wò yín, fọ́ọ̀mù owó orí 1040-NR lẹ máa kọ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù 8843, ẹni tó bá sì jẹ́ nonresident ní apá kankan nínú ọdún kò lè gba kírẹ́díìtì ẹ̀kọ́. Sikọ́láṣíìpù ò tiẹ̀ tíì wọ ọ̀rọ̀ náà rárá. Ohun kan ṣoṣo tó lè yí i padà ni kẹ́ ẹ ti fẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ti jẹ́ resident, kẹ́ ẹ̀yin méjèèjì sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ka ẹ̀yin náà sí resident fún ọdún náà, kẹ́ ẹ jọ kọ fọ́ọ̀mù kan pọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ka ọdún márùn-ún yẹn náà máa ń dà á rú. Ọdún kàlẹ́ńdà ni wọ́n ń kà, wọn ò ka oṣù. Ẹni tó wọlé ní August 2021, ọdún 2021 ti jẹ́ ọ̀kan, 2022, 2023, 2024, 2025 sì parí márùn-ún, January 2026 ni wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ fún un, tó bá lo ọjọ́ 183 ó kéré tán níbẹ̀ lọ́dún yẹn ó ti di resident nípa owó orí nìyẹn, kódà bí físà ẹ̀ ò tiẹ̀ yí padà. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ ìparí December lẹ wọlé, ọdún kan odindi ti lọ nínú ẹ̀. Ẹni tó bá sì ti wá kàwé ní Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, tó padà sílé, tó tún wá, ọdún ti àkọ́kọ́ wà nínú ìṣirò. Torí náà, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe PhD ló jẹ́ pé ọdún kẹfà ni ọ̀rọ̀ kírẹ́díìtì yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kàn án.

Iléèwé lè fún ẹni tó jẹ́ nonresident ní 1098-T o, pàápàá tó bá béèrè, àmọ́ fọ́ọ̀mù yẹn ò fún un ní ẹ̀tọ́ kankan. Ibi tọ́pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú nìyẹn, wọ́n á gba fọ́ọ̀mù, wọ́n á ṣí sọ́fítíwíà tó wà fáwọn ọmọ onílẹ̀, ìyẹn á bi wọ́n ṣé ẹ ní 1098-T, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, sọ́fítíwíà á fún wọn ní kírẹ́díìtì, inú wọn á dùn. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe irú ẹ̀, fọ́ọ̀mù 1040-X ni wọ́n fi ń tún un ṣe, ẹ tètè ṣe é kí wọ́n tó fúnra wọn rí i, torí ọ̀rọ̀ owó orí lè padà jẹ yọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń wá green card. Ohun tó kan nonresident ní tiẹ̀ ni pé apá sikọ́láṣíìpù tó lọ sí owó iléèwé, owó orí ò sí lórí ẹ̀, àmọ́ apá tó lọ sí ilé àti oúnjẹ, iléèwé á yọ 14 pasẹ́ǹtì níbẹ̀, wọ́n á sì fún un ní fọ́ọ̀mù 1042-S. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti India ní àdéhùn kan láàárín ìjọba wọn àti ti Amẹ́ríkà tó jẹ́ kí wọ́n lè gba standard deduction, ìyẹn iye tí wọ́n máa ń yọ kúrò nínú owó tó wọlé kí wọ́n tó ṣírò owó orí. Nàìjíríà ò ní irú àdéhùn owó orí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Amẹ́ríkà, torí náà ẹ má ṣe da ohun tí ọ̀rẹ́ yín ará India kọ sórí fọ́ọ̀mù ẹ̀ kọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní green card, ẹ̀yin tí wọ́n bí síbẹ̀, àtẹ̀yin tí ọdún márùn-ún yín ti kọjá, ọ̀rọ̀ wá kù sọ́wọ́ yín báyìí.

Kírẹ́díìtì méjì ló wà. American Opportunity Credit ni èyí tó tóbi, ó lè tó $2,500, wọ́n sì lè kó tó $1,000 nínú ẹ̀ fún èèyàn lọ́wọ́ kódà bí kò bá jẹ owó orí kankan, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ ní yunifásítì ló wà fún, ẹni tó ń ṣe másítáàsì ti kọjá ibẹ̀. Àyè kan wà o, tí àwọn èèyàn kì í rántí. Òfin sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má tíì parí ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ *kí ọdún owó orí yẹn tó bẹ̀rẹ̀*. Ọmọ tó gba dìgírì àkọ́kọ́ ní May, tó wọlé másítáàsì ní August ọdún kan náà, kò tíì parí ní January 1, torí náà ó ṣì lè gba American Opportunity fún ọdún yẹn, tí wọn ò bá tíì gbà á lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin rí, tó sì dójú ìwọ̀n àwọn òfin yòókù. Ẹ wò ó dáadáa, ọdún yẹn nìkan ni, kò ní padà mọ́.

Èyí tó kù, tó sì jẹ́ ti àwọn másítáàsì àti PhD, ni Lifetime Learning Credit. 20 pasẹ́ǹtì ni, lórí $10,000 àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ san fún owó iléèwé lọ́dún, ìyẹn ni pé kò lè ju $2,000 lọ lórí fọ́ọ̀mù kan, ì báà jẹ́ tọkọtaya ló jọ ń kàwé. Kò ní iye ọdún, kódà kọ́ọ̀sì ẹyọ kan tẹ́ ẹ ṣe tó wúlò fún iṣẹ́ yín, ó wà nínú ẹ̀. Àléébù ẹ̀ ni pé kò lè mú owó orí yín kọjá òdo: tí owó orí yín bá jẹ́ $300, tí kírẹ́díìtì yín jẹ́ $2,000, $300 lẹ jẹ ní àǹfààní, $1,700 yòókù ti wọmi. Ẹni tó bá ń dá kọ fọ́ọ̀mù, tí owó tó ń wọlé fún un bá ti kọjá $80,000, á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, tó bá dé $90,000 ó ti tán. Fún tọkọtaya tó jọ kọ ọ́, $160,000 sí $180,000 ni. Tọkọtaya tó bá kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò ní rí nǹkan kan gbà rárá.

Ibo wá ni sikọ́láṣíìpù ti wọ̀ ọ́? Àwọn àgbà ní wọn kì í jẹ méjì lábà Àlàdé. Dọ́là kan ò lè gba ojúure ìjọba lẹ́ẹ̀mejì. Sikọ́láṣíìpù tó san owó iléèwé, ìjọba ti ṣojúure àkọ́kọ́ lórí ẹ̀ nígbà tí wọn ò gba owó orí lórí ẹ̀, torí náà owó iléèwé tí ó san yẹn ò lè wá mú kírẹ́díìtì wá mọ́. Ẹ máa yọ ọ́ kúrò. Owó iléèwé $18,000, sikọ́láṣíìpù $12,000, $6,000 ló kù tẹ́ ẹ lè fi ṣírò. Gbogbo èèyàn ló mọ ìyẹn, sọ́fítíwíà náà sì mọ̀ ọ́n, Box 1 yọ Box 5, ó parí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ẹ̀yin lẹ ni ìpinnu, nígbà tí sikọ́láṣíìpù náà bá fàyè gbà á. Òfin gbà pé kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ pé apá kan nínú sikọ́láṣíìpù òun, owó ilé àti oúnjẹ lòun fi san. Apá yẹn á di owó tó wọlé, owó orí á wà lórí ẹ̀, àmọ́ owó iléèwé tó yẹ kó bo ti wá di èyí tẹ́ ẹ fi owó míì san, ó sì lè mú kírẹ́díìtì wá. Kódà bó jẹ́ pé iléèwé ni wọ́n san sikọ́láṣíìpù náà sí tààrà, tí ẹ̀yin ò tiẹ̀ fojú kan án, bẹ́ẹ̀ náà ni. Publication 970 tí IRS ń gbé jáde, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, ṣàlàyé ẹ̀ pẹ̀lú àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ọgbọ́n àyínìke, òfin ló wà níbẹ̀ kedere.

Ẹ jẹ́ ká fi owó gidi ṣe é. Arábìnrin kan ní Houston, ó ti gba green card, ó dá wà, ó ń ṣe másítáàsì nínú Public Health, ó sì ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn, W-2 ẹ̀, fọ́ọ̀mù tí ibi iṣẹ́ fi ń sọ iye owó oṣù èèyàn lọ́dún, jẹ́ $38,000 lọ́dún 2024. Owó iléèwé ẹ̀ $18,000. Sikọ́láṣíìpù ẹ̀ $12,000, lẹ́tà tí wọ́n fi fún un sọ pé ó wà fún owó iléèwé àti ohun tó máa fi gbé ayé lásìkò ẹ̀kọ́. $6,000 tó kù, ó fi lóònù ìjọba san $4,000, bàbá ẹ̀ sì fi $2,000 ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta. Ẹ kíyè sí ìyẹn: lóònù ò kí ń ṣe sikọ́láṣíìpù, ẹ máa kà á mọ́ owó tẹ́ ẹ san, ọdún tí wọ́n fi san owó iléèwé lẹ sì máa kà á sí, kì í ṣe ọdún tẹ́ ẹ bá ń san lóònù padà. Owó tí òbí fi ránṣẹ́ náà, ẹ̀bùn ni, bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ san án ni. Kò sí èyí tó ń dín kírẹ́díìtì kù nínú méjèèjì.

Ọ̀nà àkọ́kọ́: ó gbé gbogbo $12,000 lé owó iléèwé lórí. Standard deduction ọdún 2024 fún ẹni tó dá wà jẹ́ $14,600, ó kù $23,400 tí wọ́n máa gba owó orí lé lórí, owó orí ẹ̀ á tó bíi $2,576. Kírẹ́díìtì ẹ̀, 20 pasẹ́ǹtì $6,000, jẹ́ $1,200. Á san $1,376.

Ọ̀nà kejì: ó gbé $4,000 nínú sikọ́láṣíìpù sórí owó ilé, ó fi $8,000 sílẹ̀ fún owó iléèwé. Owó iléèwé tó lè fi ṣírò ti di $10,000, kírẹ́díìtì ti kún, $2,000. Owó tó wọlé fún un náà ti fi $4,000 lé, owó orí ẹ̀ di bíi $3,056. Yọ $2,000 kúrò, á san $1,056. $320 ló fi jèrè, láìṣe nǹkan míì ju pé ó ka lẹ́tà sikọ́láṣíìpù ẹ̀, ó sì kọ $4,000 yẹn sí Schedule 1, lórí ìlà 8r.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ rọrùn. Kírẹ́díìtì ń mú 20 pasẹ́ǹtì wá lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ gbé kúrò, owó orí tẹ́ ẹ máa san lórí dọ́là náà sì jẹ́ 12 pasẹ́ǹtì níbi tí arábìnrin yìí wà. Ẹni tí ìpele owó orí ẹ̀ bá jẹ́ 10 tàbí 12 pasẹ́ǹtì máa jèrè. Ẹni tó bá ti dé 22, àdánù ni. Ká ní arábìnrin kan náà lọ́kọ, ọkọ jẹ́ nọ́ọ̀sì, gbogbo owó tó ń wọlé fáwọn méjèèjì lọ́dún yẹn tó $150,000, 22 pasẹ́ǹtì ni wọ́n wà, tí wọ́n bá gbé $4,000 kúrò wọ́n á san $880 láti fi gba $800. Kí wọ́n jẹ́ kí sikọ́láṣíìpù jókòó sórí owó iléèwé, kí wọ́n gba $1,200 wọn, kí wọ́n máa lọ.

Ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ ń gbé náà wà níbẹ̀, apá yìí làwọn tó ń ṣe é fúnra wọn máa ń fò. Texas ò gba owó orí lórí owó tó ń wọlé fún èèyàn, torí náà gbogbo $320 yẹn ló máa kù sọ́wọ́ arábìnrin wa. Ká ní Maryland ló wà, níbi táwọn èèyàn wa pọ̀ sí gan-an, owó orí ìpínlẹ̀ àti ti county papọ̀ máa ń tó 7 sí 8 pasẹ́ǹtì, ìyẹn lórí $4,000 ti tó nǹkan bíi $280 sí $320, èrè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá. Ẹ ṣe é lọ́nà méjèèjì nínú sọ́fítíwíà, kẹ́ ẹ wo àròpọ̀ ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Ẹni tó bá ń gba ìrànlọ́wọ́ lórí ìnṣọ́ránsì ìlera tàbí Earned Income Credit, kírẹ́díìtì tó wà fáwọn òṣìṣẹ́ tówó tó ń wọlé fún wọn ò pọ̀, kó wo ìyẹn náà mọ́ ọn, torí tí owó tó wọlé bá lé, àwọn yẹn lè dín kù.

Ó wá ku àwọn tí kò lè ṣe ìpinnu kankan. Tí lẹ́tà bá sọ pé tuition nìkan ni owó náà wà fún, ó ti há nìyẹn, ẹ ò lè gbé e sórí owó ilé. Tuition waiver àti tuition remission tí wọ́n ń fáwọn PhD tó ń kọ́ọ̀yàn tàbí tó ń ṣe ìwádìí fún iléèwé, ṣe ni wọ́n pa owó iléèwé rẹ́, kò sówó kankan níbẹ̀ tẹ́ ẹ lè sọ pé ẹ fi jẹun. Ẹni tí iléèwé pa $40,000 rẹ́ fún, tí wọ́n ń san owó oṣù fún un lórí W-2, owó oṣù yẹn owó iṣẹ́ ni, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Box 5, ó sì máa san owó orí lórí ẹ̀ bí òṣìṣẹ́ yòókù. Kírẹ́díìtì tó lè rí ni ti àwọn fíìsì tó fọwọ́ ara ẹ̀ san. Tó bá san $1,400 lọ́dún fún àwọn fíìsì tó jẹ́ dandan kéèyàn tó lè forúkọ sílẹ̀, $280 lè padà sọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe PhD ló ń fi owó yìí sílẹ̀ lọ́dọọdún torí wọ́n gbà pé ọ̀fẹ́ làwọn ń kàwé. Nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ti san gbogbo owó iléèwé fún yín tàbí wọ́n pa á rẹ́, iléèwé lè má tiẹ̀ fún yín ní 1098-T, òfin ò kàn án nípá fún wọn. Ẹ ṣáà ní rìsíìtì fíìsì yín lọ́wọ́, àti orúkọ àti EIN iléèwé, ìyẹn nọ́ńbà owó orí tiẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí fellowship, ìyẹn owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ láti fi gbé ayé lásìkò ẹ̀kọ́, tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ti National Science Foundation, GRFP, èyí tó wà fáwọn ọmọ Amẹ́ríkà àtàwọn tó ní green card. $37,000 ni wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún láti fi gbé ayé, wọ́n sì tún ń fún iléèwé ní $16,000 fún owó ẹ̀kọ́. $37,000 yẹn, owó orí wà lórí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni lè má yọ ọ́ fún yín, wọn ò sì ní fún yín ní W-2. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ná gbogbo ẹ̀ tán, tí April dé, tí gbèsè dé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún lèèyàn ń fi 1040-ES san án díẹ̀díẹ̀: April 15, June 15, September 15, àti January 15 ọdún tó tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ fellowship míì tí kò bo fíìsì, tẹ́ ẹ sì yọ fíìsì $1,400 san nínú owó yín, ìpinnu wà lọ́wọ́ yín: ẹ lè sọ pé $1,400 náà jẹ́ apá sikọ́láṣíìpù tí owó orí ò sí lórí ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní 12 pasẹ́ǹtì á fi $168 jèrè, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí owó orí wà lórí gbogbo owó náà kẹ́ ẹ wá fi fíìsì náà gba kírẹ́díìtì, $280. Ẹ mú ọ̀kan.

Lórí ohun tí wọ́n ń kà sí owó iléèwé, ẹ ṣọ́ra. Owó ìnṣọ́ránsì ìlera kò sí nínú ẹ̀, kódà bó jẹ́ pé iléèwé ló kàn án nípá tó sì wà nínú bíìlì kan náà. Owó họ́sítẹ́ẹ̀lì, owó ọkọ̀, owó pákíìnnì, kò sí níbẹ̀. Ìwé tẹ́ ẹ rà lọ́jà, Lifetime Learning ò kà á, àfi tó bá jẹ́ pé ọwọ́ iléèwé ni dandan kẹ́ ẹ ti rà á kẹ́ ẹ tó lè forúkọ sílẹ̀. Àmọ́ ìwé kan náà yẹn, tó bá jẹ́ dandan fún gbogbo ẹni tó wà nínú kọ́ọ̀sì náà, sikọ́láṣíìpù lè san án kí owó orí má sì wà lórí ẹ̀. Òye ibẹ̀ nìyí: ẹ kọ́kọ́ fi sikọ́láṣíìpù bo owó ìwé àti kọ̀ǹpútà tí kọ́ọ̀sì bá kàn nípá, kó tó kan owó iléèwé. Ẹni tó ra ìwé $900 tí lẹ́tà ẹ̀ sì gbà á láyè, $900 owó iléèwé ti bọ́ sílẹ̀ fún kírẹ́díìtì, láìsí owó orí tuntun kankan. Mo fẹ́ràn èyí gan-an torí kò sí àdánù níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìpele owó orí yòówù kó wà.

Tí Box 5 bá wá ju Box 1 lọ ńkọ́? Nígbà míì òótọ́ ni pé owó orí wà lórí àlékún yẹn. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ọjọ́ ni kò bára mu. Owó iléèwé semester January, wọ́n lè ti san án ní December tó kọjá, ó ti wà lórí fọ́ọ̀mù ọdún tó kọjá, wọ́n á sì fi àmì sí Box 7 ti ọdún yẹn. Sikọ́láṣíìpù semester kan náà wá wọlé ní January, ó wà lórí fọ́ọ̀mù ti ọdún yìí. Fọ́ọ̀mù méjèèjì ò parọ́, wọ́n kàn wo ọjọ́ ni. Ẹ wọlé sórí pọ́tà iléèwé, kẹ́ ẹ tẹ àkọsílẹ̀ akáǹtì yín jáde ti odindi ọdún méjèèjì, kẹ́ ẹ fi àmì sí ọjọ́ tí owó kọ̀ọ̀kan wọlé àti semester tó wà fún. Àkọsílẹ̀ yẹn lójú tèmi níyì ju 1098-T fúnra ẹ̀ lọ, torí òun ló máa fi hàn yín bóyá ìwé ọdún tó kọjá gan-an lẹ máa tún ṣe.

Ẹ̀yin òbí náà, tí ọmọ yín ò bá tíì pé 24, tó ń kàwé full-time, tẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tẹ́ ẹ ń gbọ́ bùkátà ẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa gba kírẹ́díìtì, òun ò lè gbà á, bó tiẹ̀ jẹ́ pé òun ló sanwó. Ṣùgbọ́n sikọ́láṣíìpù tí owó orí wà lórí ẹ̀, orí fọ́ọ̀mù ti ọmọ ló ń lọ. Ẹ jọ jókòó sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi fọ́ọ̀mù tiẹ̀ ránṣẹ́.

Àwọn tó ti wá rí i pé àwọn fi owó sílẹ̀ láwọn ọdún tó kọjá, ọdún mẹ́ta wà látọjọ́ tẹ́ ẹ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, tẹ́ ẹ bá sì fi ránṣẹ́ ṣáájú ọjọ́ tó yẹ, ọjọ́ tó yẹ gan-an ni wọ́n máa kà. 1040-X lẹ máa kọ, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù 8863 níbi tí ìṣirò kírẹ́díìtì wà. Kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, ẹ kọ íméèlì sí ọ́fíìsì financial aid iléèwé yín, kẹ́ ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré, kẹ́ ẹ dárúkọ sikọ́láṣíìpù náà: ṣé tuition nìkan lówó yìí wà fún, àbí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi san owó ilé àti oúnjẹ? Íméèlì ni kẹ́ ẹ lò o, ẹ má pè wọ́n lórí fóònù. Èsì tí wọ́n bá kọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kẹ́ ẹ so ó mọ́ lẹ́tà sikọ́láṣíìpù àti àkọsílẹ̀ akáǹtì yín nínú fáìlì kan, torí lẹ́yìn ọdún méjì ni IRS lè ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè, òṣìṣẹ́ tó dá yín lóhùn sì lè ti kúrò níbẹ̀ nígbà yẹn.